Okùn Tó Ń Jẹ Eku

Ní abúlé tí wọ́n ti bí Mùílíù, lẹ́bàá Pobè, bí oòrùn bá ti wọ̀, ejò kì í jẹ́ ejò mọ́. Okùn ni. Obìnrin tó bá rí i lẹ́yìn ìkòkò omi kò ní pariwo orúkọ rẹ̀, á ní, "Ẹ bá mi mú igi wá, okùn kan wà níbí." Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ gan-an lálẹ́, ó ti pè é nìyẹn, ohun tí a bá sì pè, ó di dandan kó dáhùn. Kò sí ẹni tó ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ní abúlé náà, nítorí àwọn tó jiyàn rẹ̀ láyé àtijọ́ ti kú. Ikọ́ ló pa àwọn kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikọ́ kọ́ là ń sọ.

Mo kọ́kọ́ fi èyí lélẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀dẹ̀ ni Mùílíù. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Fọ̀n, ó gbọ́ Gùn, Nàgó, Yorùbá apá ibẹ̀, sì ni wàrà ìyá rẹ̀. Ahọ́n yìí ni wọ́n torí rẹ̀ gbà á síṣẹ́ ní Kútọnu, ní bùró kan tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ẹran igbó.

Òmìnira kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Àwọn ìjọba ilẹ̀ adúláwọ̀ ti pé jọ sí ìlú Alijá, wọ́n ti fẹnu kò pé ẹran igbó ń tán lọ, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó o kọjá ibodè mọ́ láìgba àṣẹ. Àwọn òyìnbó tí bàbá wọn ti yìnbọn fún erin títí ọwọ́ fi ro wọ́n gbà wá níyànjú pé kí a tètè ṣe é, nítorí erin kò pọ̀ mọ́. Mínísítà tó fọwọ́ sí i ní Dàhòmì kọ́ ni mínísítà tó wá ṣí bùró náà, èyí tó ṣí bùró kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kun ògiri rẹ̀. Láyé ọjọ́un, ìjọba ń pààrọ̀ lọ́wọ́ ara wọn bí ọmọ ayò. Ṣùgbọ́n àga kan náà ni gbogbo wọn jókòó lé, àga náà kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Iṣẹ́ Mùílíù kò le. Wọ́n fi igi dábùú ọ̀nà ní Kajẹhun, níbi tí ọ̀nà ti yà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọkọ̀ ẹrù bá dé, á bi onímọ́tò ní èdè rẹ̀ pé kí ló rù, á wá sọ ọ́ ní Faransé fún ọ̀gá rẹ̀, Mùsé Dòsú. Ọmọ Wídà ni Mùsé Dòsú, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Faransé rẹ̀ gún tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá ń sọ ọ́, èèyàn á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Nàgó nìkan ni kò gbọ́ rárá.

Ohun kan ló ń ká Mùílíù lára. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbà á, ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Àṣàbí tó ń ránṣọ ní àdúgbò Jọnkẹ ló sì fẹ́ fi ṣaya, bàbá Àṣàbí, Búrẹ́mọ̀ onímọ́tò, sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé: "N kò kórìíra ọmọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń kú ní ìrọ̀lẹ́ tó ń jí láàárọ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iṣẹ́ náà á gbàgbé láti jí."

Ní ọ̀sẹ̀ kan, Mùsé Dòsú pè é.

"Àwọn àlejò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti Jẹ̀nẹ́fà. Wọ́n fẹ́ wo bí a ti ń mú àwọn tó ń kó ẹran igbó sá. Tí iṣẹ́ wa bá wù wọ́n, màá ní kí wọ́n sọ iṣẹ́ rẹ di iṣẹ́ gidi."

"Tí kò bá wù wọ́n ńkọ́, ọ̀gá?"

"A jẹ́ pé kí o wá ìwé kọ sí ilé búrẹ́dì."

Mùílíù dúpẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, kí oòrùn tó wọ̀, ó yà sí Jọnkẹ. Àṣàbí wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á, kò gbójú sókè.

"Ìjọba, ẹ káàbọ̀," ó wí. Ìjọba ló máa ń pè é bí inú rẹ̀ bá dùn. "Bàbá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láti Pobè lọ́la, ibodè rẹ làwọn máa gbà. Wọ́n ní kí o má jẹ́ kí àwọn dúró pẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

"Kí ni wọ́n rù?"

"Wọ́n ní okùn ni."

Mùílíù ti fẹ́ jókòó, kò jókòó mọ́. "Ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìgbà wo báwo?"

"Ọ̀sán ni, àbí oòrùn ti wọ̀?"

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ọmọ Pobè ni Àṣàbí náà. Ó ronú síwájú, ó ronú sẹ́yìn. "Lánàá ni. Wọ́n ti kírun màgàríbà tán," ó wí.

Wọ́n wo ara wọn.

"Ó lè jẹ́ okùn lásán," Àṣàbí tún wí.

"Ta ní ń ru okùn lásán lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú?"

"Bóyá wọ́n fẹ́ fi so ọkọ̀ òfuurufú mọ́lẹ̀ ni. Ṣé mo mọ iṣẹ́ òyìnbó?"

Mùílíù mọ iṣẹ́ òyìnbó ọ̀hún. Òyìnbó kan wà ní Kajẹhun tó ń ra òjòlá kékeré, irú èyí tí kì í bu ẹnikẹ́ni ṣán, tó jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á ṣe ni yóò ká jọ, tí yóò fi orí rẹ̀ pamọ́ sí àárín. Àwọn àgbẹ̀ ń gbẹ́ ẹ nínú ihò lóko, àwọn onímọ́tò ń gbé e wá. Wọ́n ní lọ́hùn-ún, àwọn ènìyàn ń fi í sínú àpótí onídígí nínú yàrá, wọ́n á wá máa wò ó. Okùn kì í gùn gùn gùn kó má níbi tí a ti fà á wá. Ti èyí, láti oko Pobè ni, ó sì dé yàrá ẹni ẹlẹ́ni ní Úróòpù.

"Bí mo bá mú bàbá rẹ," ó wí, "mo pàdánù rẹ. Bí n kò bá sì mú wọn, mo pàdánù iṣẹ́, wọ́n á ní àwọn ò fún aláìríṣẹ́ lọ́mọ."

"Ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n já sí," Àṣàbí dáhùn, ó tún gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ. "Kí lo wá ń dààmú fún? Bí o bá rí i pé kò ṣeé ṣe, fẹ́ ejò. Òun kò ní bàbá."

Oòrùn kò tíì wọ̀, ó lè dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n dá fún àwọn àlejò. Mùsé Dòsú kì í fi nǹkan sílẹ̀ fún àyànmọ́. Ó ti wá olè kan sílẹ̀. Òjó, ìránṣẹ́ bùró, ni olè náà. Wọ́n fún un ní odídẹ kan nínú àgò, wọ́n ní kó fi aṣọ bò ó, kó máa bọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń sá.

"Ọ̀gá, ṣé wọ́n á dè mí?" Òjó bi í.

"Wọ́n á dè ọ́ díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo ni, ọ̀gá? Ẹni tí wọ́n dè, wọ́n dè é náà ni."

Aago mẹ́wàá kọjá. Mínísítà ti gbé àwọn àlejò lọ síbi oúnjẹ, oúnjẹ náà sì ní ọ̀rọ̀ ìkíni, ọ̀rọ̀ ìkíni ní ìdáhùn, ìdáhùn ní ìdúpẹ́. Òjó dúró nínú oòrùn pẹ̀lú odídẹ rẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ó rọ̀. Nígbà tó yá, Òjó ní olè kì í fi ebi jalè, òun fẹ́ lọ wá nǹkan fi sẹ́nu. Ó gbé àgò, ó lọ. Ẹni tó rí i kẹ́yìn, ní Fijirosẹ̀ létí òkun ló ti rí i, níwájú ẹja díndín, odídẹ náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Oòrùn ń rì sínú òkun nígbà tí ọkọ̀ dúdú mínísítà gbé àwọn àlejò dé. Mínísítà kò bá wọn wá. Oúnjẹ ti pa á. Àwọn méjì ni: òyìnbó gíga kan tó ń sọ nípa gbogbo nǹkan pé ó dára, àti obìnrin kan tí wọ́n ní ẹran afàyàfà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́. Mùsé Dòsú fa Mùílíù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Olè wa dà?"

"Ó lọ jẹun, ọ̀gá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Ọ̀gá, ṣé a ò lè sọ fún wọn pé kò sí olè lónìí?"

Mùsé Dòsú wò ó. "Kí a sọ fún àwọn ènìyàn tó ti Jẹ̀nẹ́fà wá pé kò sí olè ní Dàhòmì? Wọn ò ní gbà. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ yọ, òun ni kí o dá dúró."

Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mùílíù dúró nídìí igi, ó ń gbàdúrà nínú pé kí ọkọ̀ gààrí ló kọ́kọ́ yọ. Wọ́n pe ìrun màgàríbà ní mọ́ṣáláṣí. Iná ọkọ̀ yọ lókèèrè. Nígbà tó súnmọ́, ó rí ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀: *Sùúrù Lérè*. Ọkọ̀ Búrẹ́mọ̀ ni.

Mùílíù gbé ọwọ́ sókè, ọkọ̀ dúró, Búrẹ́mọ̀ yọ orí. Ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe bó bá rí bàbá ẹni tó fẹ́ fẹ́ ni Mùílíù ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yanrìn, tòun ti kákí àti fèrè ìjọba lọ́rùn.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Àwọn ará abúlé ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó ń dùn wọ́n?"

"Ó ti ń sàn, bàbá."

Búrẹ́mọ̀ kì í kánjú kíni. Àna kì í sì í dìde títí wọn yóò fi ní kó dìde. Òyìnbó gíga náà tọ́ka sí Mùílíù, ó bi Mùsé Dòsú pé kí ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń ṣe nílẹ̀.

Mùsé Dòsú kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ohun tí wọ́n bi í ní Faransé tí kò dáhùn.

"Ó ń yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò," ó wí.

Òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀, ó yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti rin orílẹ̀-èdè púpọ̀, òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń fi àyà lélẹ̀ ṣe é.

"Dìde," Búrẹ́mọ̀ wí níkẹyìn, "yanrìn á wọ fèrè rẹ."

Mùílíù dìde, ó gbọn ara. Ó béèrè ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó béèrè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rù?"

Búrẹ́mọ̀ wo ojú ọ̀run. Ilẹ̀ ti ṣú. "Okùn ni," ó wí.

Lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn agbọ̀n tò jọ, wọ́n fi àpò jútù bò wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn àpò náà wú sókè, ó tún rọlẹ̀, bí ẹni tó mí kanlẹ̀.

"Kí ló wí?" Mùsé Dòsú béèrè.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mùílíù dúró láàárín èdè méjì. Bó bá sọ pé okùn ni, tí wọ́n sì tú agbọ̀n, òun ló purọ́ fún ìjọba, ilé búrẹ́dì ń dúró dè é. Bó bá sọ pé okùn kọ́, ó ti pe àna rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àlejò, ìyẹn kò sì ní ẹ̀bẹ̀. Àti pé láti sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ nǹkan náà. Lóòótọ́, ní Faransé ni. Ó wá ń rò ó bóyá nǹkan náà gbọ́ Faransé. Obìnrin Gùn kan ti dárúkọ rẹ̀ ní Gùn rí ní abúlé wọn, ó sì jáde wá bá a. Nígbà náà, òyìnbó kò tíì dé apá ọ̀hún, kò sẹ́ni tó tíì dán Faransé wò.

"Ó ní okùn ni, ọ̀gá," ó wí.

Búrẹ́mọ̀, tó ti gbọ́ Faransé díẹ̀ lójú ọ̀nà, mi orí, bí ẹni tí wọ́n jíṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe rán an. Òyìnbó gíga náà ní okùn dára, ó ti ń kọjú sí ọkọ̀ dúdú. Mùílíù kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Okùn náà máa ń jẹ eku," ó wí.

"Kí lo wí?"

"Okùn ni, ọ̀gá. Ó máa ń jẹ eku. Ó lójú méjì. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ."

Mùsé Dòsú ń wá ohun tó máa sọ. Obìnrin òyìnbó náà kò wá ohunkóhun; ó ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ká àpò kúrò, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ká jọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí iṣu èsúrú. Wọ́n ní àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn wọ̀nyí kọ́wọ̀ọ́ rìn dáadáa, agbọ̀n ni wọ́n bá ara wọn. Obìnrin náà fi ohùn jẹ́jẹ́ dárúkọ wọn ní Látìn, èdè tí àwọn fadá fi ń ṣe ìsìn. Ọ̀kan gbé orí sókè.

Kò ya Mùílíù lẹ́nu.

Obìnrin náà mú èyí tó gbé orí sókè náà, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó fi han Mùsé Dòsú. Mùsé Dòsú wò ó, Faransé tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Wídà ni, mo ti wí. Nílé wọn, ohun tí obìnrin náà gbé dání yìí ni bàbá. Wọn kì í pa á, wọn kì í fò ó kọjá, bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà wọ́n á kí i. Mùsé Dòsú kúnlẹ̀, tòun ti táì, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀ ní Fọ̀n.

Òyìnbó gíga náà wò ó, ó yíjú sí Mùílíù. "Òun náà ńkọ́?"

"Ó ń yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò," Mùílíù wí.

Nígbà tí Mùsé Dòsú dìde, ó nu orúnkún, Faransé rẹ̀ padà. Ó ní ìjọba ti gba ẹrù náà lọ́wọ́ onímọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní kó wọn sí yàrá ẹrù tí a gbà, láàárín awọ àti ìwo, kì í ṣe nígbà ayé òun. Ọkọ̀ dúdú mínísítà ni wọ́n kó àwọn agbọ̀n sí, lórí àga tó rọ̀, awakọ̀ gbé wọn lọ sí ọ̀nà Wídà láti tú wọn sílẹ̀ nínú igbó. Kò wá sí ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn àlejò lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Búrẹ́mọ̀ ló gbé wọn lọ. Òyìnbó gíga náà jókòó níwájú, ó ní ọkọ̀ náà dára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùsé Dòsú pe àwọn méjèèjì. Ó bi Búrẹ́mọ̀ ìdí tó fi purọ́ fún ẹ̀ṣọ́. Mùílíù ló ń túmọ̀.

"Sọ fún wọn pé n kò purọ́," Búrẹ́mọ̀ wí. "Ejò ni nísinsìnyí, oòrùn ti là. Ní àná, okùn ni."

Mùílíù sọ ọ́ bó ṣe wí.

"Bó bá lè jẹ́ bàbá tèmi," Mùsé Dòsú wí, "kò sí ìdí tí kò fi lè jẹ́ okùn tiyín. Ẹ lọ, ẹ má rù ú mọ́."

Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dé ilé òyìnbó tó ń ra òjòlá ní Kajẹhun, ó ti rìnrìn àjò. Àpótí onídígí kan ló kù nínú yàrá, alámù ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò dé láti Jẹ̀nẹ́fà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yin Dàhòmì. Wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù kọ́ bí ẹ̀ṣọ́ Kútọnu ti ń fi àyà lélẹ̀ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, tí ọ̀gá rẹ̀ náà kì í sì í tijú láti kúnlẹ̀ ṣe é. Mo gbọ́ pé ní àwọn ibodè kan títí di òní, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún kàmíọ̀n, wọn kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Iṣẹ́ Mùílíù di iṣẹ́ gidi.

Ó mú àwọn àgbà ilé rẹ̀, wọ́n lọ sílé Búrẹ́mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Búrẹ́mọ̀ kò ní kó dìde. Ó kí gbogbo wọn tán, ó béèrè ẹsẹ̀ bàbá Mùílíù, ó béèrè òjò, ó mu omi.

"Ọmọkùnrin yìí," ó wí fún wọn, "mo sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú rẹ̀, ó jíṣẹ́ mi bí mo ti sọ ọ́, kò já mi nírọ́. Ó wá fi èyí tí n kò rán an kún un. Kí ni wọ́n ń pe irú ìyẹn?"

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Àṣàbí ti dáhùn pé, "Ìjọba ni wọ́n ń pè é, bàbá."

"Ẹnikẹ́ni kò bi ọ́." Búrẹ́mọ̀ yíjú sí ẹni tó wà nílẹ̀. "Ṣé iṣẹ́ ọ̀hún ò kú mọ́ ní ìrọ̀lẹ́?"

"Kò kú mọ́, bàbá."

"Ó ń sùn, ó ń jí?"

"Ó ń sùn, ó ń jí."

Búrẹ́mọ̀ tún mu omi. "Dìde," ó wí, "ilé mi ò ní abẹ́ ọkọ̀."

Láti ìgbà náà, okùn gidi ni Búrẹ́mọ̀ ń rù, okùn ọ̀pẹ tí àwọn apẹja fi ń so ọkọ̀ ojú omi. Bó bá dé ibodè Kajẹhun ní ìrọ̀lẹ́, tí Mùílíù bá ti dọ̀bálẹ̀ tó sì ti dìde, á bi í bí òfin ṣe wí: "Bàbá, kí lẹ rù?"

"Okùn ni," Búrẹ́mọ̀ á wí. Á wo ojú àna rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Kì í jẹ nǹkan kan."